Ṣíbólẹ́tì: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan tí Ó Di Oníbodè

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bá pàdé nínú ìwé, tí wọn a sì fò ó kọjá láìṣí ìwé atúmọ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ náà ni shibboleth. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ilé. Inú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé àti inú àríyànjiyàn àwọn olóṣèlú ni a ti sábà máa ń rí i. Bí a bá wo ìwé atúmọ̀-èdè, a ó rí i pé ìtumọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún un, ó kéré tán. Èkíní ni ọ̀rọ̀ tàbí ìró tí a fi ń dá ará ilé mọ̀ yàtọ̀ sí àjèjì. Èkejì ni àṣà tàbí ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tí ń fi ẹgbẹ́ tàbí ipò ènìyàn hàn. Ẹ̀kẹta ni gbólóhùn àtijọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ kan ń sọ lásọtúnsọ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára ti tán nínú rẹ̀. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe ru ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ìdáhùn wà nínú ìtàn rẹ̀, ìtàn náà sì kan àwa tí ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ju bí a ti lè rò lọ.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn kò ju ọ̀kan lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ka shibboleth sí ọ̀rọ̀ àṣírí, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun ń sọ fún ẹ̀ṣọ́ lóru kí wọ́n tó lè wọlé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àṣírí ń béèrè ohun tí ènìyàn mọ̀. Shibboleth ń béèrè ibi tí a ti tọ́ ènìyàn dàgbà. Bí ọ̀rẹ́ kan bá sọ ọ̀rọ̀ àṣírí sí ọ létí, o ti di ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lójú kan náà. Ṣùgbọ́n ní ti shibboleth, gbangba ni wọn yóò ti pè é fún ọ, tí wọn yóò sì ní kí o pè é padà. Bí o tilẹ̀ gbọ́ ọ nígbà ọgọ́rùn-ún, ahọ́n rẹ lè má gbà. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ dì mú.

Ní ìwọdò Jọ́dánì

Orí 12 nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́ ni orísun ọ̀rọ̀ náà. Jẹ́fútà ará Gílíádì jẹ́ ọmọ panṣágà tí àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ lé kúrò nílé, tí àwọn àgbààgbà Gílíádì sì lọ bẹ̀ nígbà tí ogun àwọn ará Ámónì dé. Ó jà, ó sì ṣẹ́gun. Nígbà náà ni àwọn ará Éfúráímù, ẹ̀yà ńlá kan ní ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì, bínú pé kò pe àwọn sí ogun náà, wọ́n sì halẹ̀ pé àwọn yóò sun ilé mọ́ ọn lórí. Wọ́n tún fi àwọn ará Gílíádì ṣẹ̀sín pé ìsáǹsá Éfúráímù lásán ni wọ́n. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá, Gílíádì sì borí.

Àwọn ará Éfúráímù tí ó ṣẹ́kù sá, wọ́n fẹ́ padà sí ìwọ̀-oòrùn níbi tí ilé wọn wà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Gílíádì ti ṣáájú wọn dé ìwọdò Jọ́dánì, ibi tí omi kò ti jìn tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ là á kọjá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dé ibẹ̀, wọn a kọ́kọ́ bi í bóyá ará Éfúráímù ni. Bí ó bá sẹ́, wọn a ní kí ó pe ọ̀rọ̀ kan, èyí tí àwọn tìkára wọn ń fi ìró ṣ bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá fi ìró s bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọn a pa á níbẹ̀. Ìwé náà ka àwọn ará Éfúráímù tí ó kú nígbà náà sí 42,000.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun méjì. Èkíní ni pé, nínú èdè Hébérù tí a kọ́kọ́ fi kọ ìtàn yìí, gbólóhùn kan náà tí Éfúráímù fi ṣẹ̀sín, èyí tí ó túmọ̀ sí "ìsáǹsá Éfúráímù", ni òǹkọ̀wé tún lò fún àwọn ará Éfúráímù fúnra wọn nígbà tí wọ́n dé odò. Àwọn tí a pè ní ìsáǹsá ni wọ́n wá di oníbodè tí ń wá ìsáǹsá. Èkejì ni pé ìbéèrè méjì ni a bi ẹni tí ó bá dé odò. Àkọ́kọ́, ènìyàn lè fi irọ́ dáhùn rẹ̀, nítorí pé ohun tí ó mọ̀ ni wọ́n bi í. Èkejì, kò lè fi irọ́ dáhùn rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe òun ni wọ́n bi. Ahọ́n rẹ̀ ni.

Ìtumọ̀ tí kò ní iṣẹ́ ṣe

Kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ní èdè Hébérù? Ó ní ìtumọ̀ méjì. Ọ̀kan ni ṣírí ọkà: ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó wà nínú àlá Fáráò, níbi tí ṣírí ọkà méje tí kò lọ́mọ ti gbé méje tí ó yọmọ mì. Èkejì ni omi tí ń ṣàn kíkankíkan, bí ó ti wà nínú Orin Dáfídì 69, níbi tí akọrin ti ké pé omi fẹ́ gbé òun lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan rò pé ìtumọ̀ kejì ni ó wà lọ́kàn àwọn ará Gílíádì, nítorí pé etí odò ni wọ́n dúró sí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ro ọ̀ràn náà jinlẹ̀, a ó rí i pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò ní iṣẹ́ kankan ṣe ní ìwọdò yẹn. Kì í ṣe ọkà ni wọ́n ń wá, kì í sì í ṣe omi ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó bá ní ìró kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìbá ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí aṣọ, tí ó sì di ìró lásán. Ìyẹn gan-an ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kejì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí a ó ti rí i.

Ní ti ìró náà, kò rọrùn fún òǹkọ̀wé àtijọ́ láti kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ìkọ̀wé Hébérù, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó dúró fún ìró ṣ àti ìró kan tí ó súnmọ́ s. Bí òǹkọ̀wé bá lo lẹ́tà yẹn fún Gílíádì àti Éfúráímù pọ̀, ojú kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Nítorí náà, ó fi lẹ́tà mìíràn tí wọ́n ń pè ní samekh kọ pípè ti Éfúráímù. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, láàárín ọ̀rúndún 7 sí 10 lẹ́yìn ikú Olúwa wa, ni àwọn akọ̀wé Júù tí à ń pè ní Másórẹ́ẹ̀tì wá fi àmì kékeré kan sí orí lẹ́tà àkọ́kọ́ náà: bí àmì bá wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ṣ ni, bí ó bá wà ní ọwọ́ òsì, ìró kejì ni.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kò tilẹ̀ tíì fi ẹnu kò lórí ìró tí ó wà ní ẹnu ẹ̀yà méjèèjì ní tòótọ́. Ní 1942, E. A. Speiser dá àbá pé ìró àwọn ará Gílíádì kì í ṣe ṣ rárá, bí kò ṣe ìró tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn think, èyí tí Éfúráímù ti sọnù kúrò nínú èdè tiwọn. Àwọn mìíràn kò gbà, nítorí pé nínú àwọn èdè tí ó bá Hébérù tan, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ṣírí ọkà kò fi irú ìró bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun kan tí ó dájú ni pé ìró kan wà tí ẹ̀yà kan ní, tí èkejì kò ní, àti pé àìní rẹ̀ kì í ṣe àrùn.

Bí àwọn atúmọ̀ Bíbélì ṣe bá a jà

Ìtàn àwọn atúmọ̀ Bíbélì fi hàn bí ọ̀rọ̀ yìí ti le tó. Àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gíríìkì bá ìṣòro pàdé, nítorí pé Gíríìkì kò ní ìró ṣ. Àwọn náà, bí a bá rò ó, Éfúráímù ni wọ́n. Nínú ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kan, èyí tí à ń pè ní Vaticanus, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ṣírí ọkà sí ipò rẹ̀. Nínú òmíràn, Alexandrinus, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ àṣírí. Àtúmọ̀ kìíní mú ìtumọ̀, ó sọ ìró nù. Àtúmọ̀ kejì sọ méjèèjì nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ àṣìṣe tí mo ti mẹ́nu kàn ní ìṣáájú. Jerome, tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìn, gbé ọ̀rọ̀ Hébérù náà kalẹ̀ bí ó ti wà, ó sì fi àlàyé kún un pé ṣírí ọkà ni.

Ní ti Yorùbá, oríire wà fún àwọn atúmọ̀ wa. Èdè wa ní ìró méjèèjì, ìkọ̀wé wa sì ní lẹ́tà méjèèjì. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí bí Samuel Ajayi Crowther ń ṣe ètò bí a ó ti máa kọ Yorùbá sílẹ̀, wọ́n fi àmì sí abẹ́ s láti ya ṣ sọ́tọ̀, ìpàdé Ìjọ CMS ní Èkó ní 1875 sì fi ìdí ọ̀nà ìkọ̀wé náà múlẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá, ohun kan ṣoṣo tí ó ya ọ̀rọ̀ Gílíádì sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ Éfúráímù ni àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà náà. Àwọn Másórẹ́ẹ̀tì fi tiwọn sí òkè. Àwa fi tiwa sí ìsàlẹ̀. Lórí àmì tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ni ìyè àti ikú 42,000 ènìyàn dúró lé nínú ìtàn yìí.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì

Inú Bíbélì ni ọ̀rọ̀ náà gbà wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú Bíbélì tí àwọn ọmọlẹ́yìn John Wycliffe túmọ̀ láti inú Látìn ní ìparí ọ̀rúndún 14, ìkọ sílẹ̀ rẹ̀ ni Sebolech. Nígbà tí Bíbélì Ọba James fi máa jáde ní 1611, ó ti di Shibboleth. Títí di ìgbà yẹn, orúkọ inú ìtàn lásán ni. Ẹnikẹ́ni kò tíì máa lò ó nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́.

Ọ̀rúndún 17 ni ó yí padà. Àkókò náà jẹ́ àkókò ìjà ẹ̀sìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀rọ̀ kan tàbí àṣà kan nínú ìsìn lè fi hàn bóyá ènìyàn jẹ́ ti ìjọ Ọba tàbí ti àwọn alátakò. Láti nǹkan bí 1630 síwájú ni a ti ń rí i tí àwọn òǹkọ̀wé ń lo shibboleth fún ohunkóhun tí ẹgbẹ́ kan fi ń dá ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀. John Milton náà rántí ìtàn Éfúráímù nínú eré ewì rẹ̀, Samson Agonistes, tí ó jáde ní 1671. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ẹnu, ó ti bọ́ sí orí ìgbàgbọ́. Wọn kò tún fi í dán ahọ́n wò mọ́. Ẹ̀rí ọkàn ni wọ́n fi ń dán wò.

Ní ọ̀rúndún 19 ó tún sọ̀kalẹ̀ sí i. Ó di orúkọ fún gbólóhùn tí àwọn olóṣèlú àti àwọn ẹlẹ́sìn ń ké lásán, tí wọn kò ronú sí mọ́. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Bí ènìyàn bá ń sọ ọ̀rọ̀ kan nítorí kí a lè mọ̀ pé ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò jẹ ẹ́ lógún mọ́. Ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún ni pé kí a gbọ́ pé ó sọ ọ́. Bí ọkà àti omi ti di òfo ní etí Jọ́dánì, bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ di òfo nínú gbólóhùn àkọ́sórí.

Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ti ẹnu kò kú. Ní 1954, Alan Ross, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ èdè ní Birmingham, kọ àròkọ kan sínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Finland, níbi tí ó ti fi hàn pé àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi owó tàbí ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn mọ́ bí kò ṣe èdè. Ẹni tí ó bá pe aṣọ ìnuwọ́ orí tábìlì ní serviette dípò napkin, tàbí tí ó pe dígí ní mirror dípò looking-glass, ti fi ara rẹ̀ hàn. Ní 1955, Nancy Mitford, ọmọ ìdílé ọlọ́lá, gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn Encounter, gbogbo ìlú sì gbọ́. Àwọn kan fi ṣẹ̀rín, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu wọn nídìí oúnjẹ. Kò sí ẹni tí a pa. Ṣùgbọ́n ìwọdò ni, oníbodè sì wà níbẹ̀.

Àwọn ìwọdò mìíràn

Kì í ṣe Gílíádì nìkan ni ó ti dán ahọ́n wò. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 1282, àwọn ará Palermo ní erékùṣù Sísílì dìde sí àwọn Faransé tí ń jọba lé wọn lórí lábẹ́ Charles ti Anjou. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé ẹni tí wọ́n bá fura sí, wọn a ní kí ó pe ciciri, orúkọ irú ẹ̀wà kan. Ahọ́n Faransé kò lè pè é bí ó ti yẹ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1302, ní ìlú Bruges tí ó wà ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, àwọn ará ìlú kọlu àwọn ọmọ ogun Faransé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Wọ́n ní gbólóhùn tí wọ́n fi dán ènìyàn wò ni schild en vriend, èyí tí ó túmọ̀ sí "apata àti ọ̀rẹ́". Ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà ọ̀tẹ̀ àwọn mẹ̀kúnnù ní oṣù Kẹfà ọdún 1381, wọ́n pa àwọn ará Flanders tí ó wá ṣe òwò níbẹ̀. Ìwé ìtàn ìlú kan tí a kọ ní ọ̀rúndún 15 ròyìn pé ẹni tí kò bá lè pe búrẹ́dì àti wàràkàṣì bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń pè é ni orí rẹ̀ fò.

Èyí tí ó súnmọ́ ìgbà tiwa, tí ó sì burú, ni ti oṣù Kẹwàá ọdún 1937, ní ibodè tí ó wà láàárín Hàítì àti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Dòmíníkánì. Rafael Trujillo, tí ó jẹ́ apàṣẹwàá ní Dòmíníkánì, pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pa àwọn tí ó ti Hàítì ṣẹ̀ wá. Àdá ni wọ́n sábà lò. Àwọn òpìtàn a máa fojú bu iye tí ó kú sí nǹkan bí 15,000. Àwọn kan dín in, àwọn kan fi kún un. Ìtàn tí gbogbo ayé gbọ́ ni pé àwọn ọmọ ogun a na ewé ọbẹ̀ kan tí à ń pè ní perejil ní èdè Spéènì sókè, wọn a sì béèrè orúkọ rẹ̀. Èdè àwọn ará Hàítì kò ní irú r ti Spéènì. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá kọsẹ̀ lórí r yẹn, ó parí.

Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni ó yẹ kí òpìtàn dúró. Richard Turits, ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn arúgbó agbègbè náà, fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a pa ni a bí sí ibodè yẹn gan-an, tí wọ́n gbọ́ èdè méjèèjì, tí wọ́n sì ń bá àwọn aládùúgbò wọn ṣe ọkọ àti aya. Kò sí ewé kan tí ó lè ya irú àwọn bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Ìdájọ́ ti wà nílẹ̀ kí a tó béèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn fún apànìyàn ní ohun tí yóò tọ́ka sí ni. Èyí sì jẹ́ kí a padà wo Jọ́dánì pẹ̀lú ojú mìíràn. Ọmọ Éfúráímù tí a bá tọ́ dàgbà ní Gílíádì ìbá kọjá láìséwu. Ọmọ Gílíádì tí a bá tọ́ ní Éfúráímù, tàbí tí Ọlọ́run dá ní akólòlò, ìbá kú. Shibboleth kò mọ ẹni tí ènìyàn jẹ́, kò sì mọ ohun tí ó ṣe. Ibi tí ahọ́n rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ nìkan ni ó mọ̀.

Ahọ́n àti etí

Kí ló dé tí àgbàlagbà kò fi lè pe ìró kan tí ó gbọ́ ní gbangba? Kì í ṣe ahọ́n nìkan ni ó ń dá a dúró. Etí ni ó kọ́kọ́ dí. Ní 1984, Janet Werker àti Richard Tees tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ọwọ́ tí òbí wọn ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù 6 sí 8, àwọn ọmọ náà ń gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín àwọn ìró kan nínú èdè Híńdì tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fi máa pé oṣù 10 sí 12, agbára náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọmọ tí kò tíì lè pe ìyá rẹ̀ ti ń ti ilẹ̀kùn etí rẹ̀ mọ́ ohun tí kò wúlò fún un nínú ilé. Ará Éfúráímù tí ó dúró ní ìwọdò lè má mọ̀ pé ohun tí òun pè yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n pè fún òun. Ní etí tirẹ̀, ó ti dáhùn dáadáa.

Àwọn ìwọdò òde òní kò sì kéré. Ní 1999, Thomas Purnell, William Idsardi àti John Baugh tẹ ìwádìí jáde ní Amẹ́ríkà. Baugh, tí ó lè sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà mẹ́ta, pe àwọn onílé lórí tẹlifóònù ní agbègbè San Francisco pé òun ń wá ilé. Ní àdúgbò tí àwọn aláwọ̀ funfun pọ̀ sí, nígbà tí ó bá sọ̀rọ̀ bí aláwọ̀ dúdú tàbí bí ọmọ ará Mẹ́síkò, kì í rí àyè wá wo ilé tó bí ìgbà tí ó bá sọ̀rọ̀ bí aláwọ̀ funfun. Ìwádìí wọn tún fi hàn pé hello kan ṣoṣo tó fún ọ̀pọ̀ olùgbọ́ láti mọ irú ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

Láti àwọn ọdún 1990 ni ìjọba Sweden àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Yúróòpù ti ń gba ohùn àwọn tí ń wá ibi ìsádi sílẹ̀, kí àwọn ayẹ̀wò-èdè lè sọ bóyá òtítọ́ ni ibi tí wọ́n ní àwọn ti wá. Ní 2004, àwọn onímọ̀ èdè láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ kọ ìlànà jáde láti fi kìlọ̀ pé èdè lè fi ibi tí a ti tọ́ ènìyàn dàgbà hàn, ṣùgbọ́n kò lè fi ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó jẹ́ hàn. Àwa Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ará Kétu àti ará Ṣábẹ̀ẹ́ ń sọ èdè wa, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin sì ni wọ́n. Ẹni tí ó bá fi ẹnu wọn dá wọn lẹ́jọ́ yóò rán wọn lọ sí ilé tí kì í ṣe tiwọn.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sì tún ń rìn káàkiri. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 21 ni ètò kọ̀ǹpútà kan ti ń jẹ́ Shibboleth, èyí tí ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń mọ ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ka ìwé inú yàrá ìkàwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àṣìṣe akọ̀wé Alexandrinus náà ni ó padà wá: ohun tí ènìyàn mọ̀ ni ètò yìí ń béèrè, kò bìkítà fún bí ó ti ń pè é. Ṣùgbọ́n ní 2007, nígbà tí Doris Salcedo, ayàwòrán ọmọ Kòlóńbíà, la ilẹ̀ ilé Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù ní gígùn mítà 167, tí ó sì pe ojú ibi tí ó sán náà ní Shibboleth, ó lóye ìtàn náà dáadáa. Kì í ṣe ilẹ̀kùn ni ó rí nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó là sí méjì láàárín àwọn ènìyàn ni.

Ṣ àti s ní ilẹ̀ Yorùbá

Mo ti sọ pé oríire wà fún àwọn atúmọ̀ Bíbélì wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó ní ìró méjèèjì. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ní ẹnu ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn, isu ni iṣu ń jẹ́. Ẹ wá wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dìde nínú ìjọ láti ka Ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 12 ẹsẹ 6, bákan náà ni yóò pe ọ̀rọ̀ Gílíádì àti ti Éfúráímù. Ìjọ yóò gbọ́ pé wọ́n pa ènìyàn, wọn kò ní gbọ́ ìdí rẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ fi ìtumọ̀ rọ́pò ọ̀rọ̀ náà, ṣírí ọkà, ìró kan náà ni yóò tún dé ẹnu rẹ̀.

Ní Òkè-Ògùn, ṣ náà yàtọ̀ sí ti ìwé: ìró tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń bẹ̀rẹ̀ church ni wọ́n ń fi sí ipò rẹ̀. Ní Oǹdó àti Ọ̀wọ̀, ìró gh wà tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní. Àwọn onímọ̀ ìtàn èdè sì gbà pé ìró yẹn wà nínú Yorùbá ìpilẹ̀ṣẹ̀, àwa tí kò ní in mọ́ ni a sọ ọ́ nù. Nítorí náà, bí a bá gbé ìwọdò kalẹ̀ ní ilẹ̀ wa, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò ní jẹ́ Éfúráímù níbì kan. Àwọn baba wa fi ilà ojú mọ ìlú ara wọn, Samuel Johnson sì ka oríṣiríṣi rẹ̀ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ilà ojú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ilà ahọ́n kò tíì lọ.

Èmi kò wí pé kí olùkọ́ má ṣe kọ́ ọmọ láti kọ ṣ níbi tí ó yẹ. Ìyàtọ̀ wà láàárín sí àti ṣí, àti láàárín sá àti ṣá, ìwé tí a bá sì kọ láìbìkítà fún àmì wọn yóò dà wá lójú rú. Ṣùgbọ́n kíkọ́ ni yẹn, ó sì ṣeé kọ́. Nígbà tí olùkọ́ bá dúró níwájú kíláàsì, tí ó ní kí ọmọ kan dìde pe iṣu, nítorí kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lè fi í rẹ́rìn-ín, kíkọ́ ti parí. Ìwọdò ni ó ṣí. Ohun tí ọmọ náà yóò kọ́ ní ọjọ́ yẹn kì í ṣe ìró ṣ. Yóò kọ́ pé èdè tí ìyá òun fi tọ́ òun jẹ́ ohun ìtìjú, yóò sì pa ẹnu mọ́ nígbà tí a bá tún béèrè ìbéèrè. A ti mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí èdè tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń tijú láti sọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n túmọ̀ shibboleth sí Yorùbá, n kò ní lo ọ̀rọ̀ àṣírí, n kò sì ní lo àrokò, nítorí pé ohun tí ènìyàn mọ̀ ni méjèèjì ń béèrè. Fún ìtumọ̀ kìíní, mo dá àbá ìró adánimọ̀. Fún èkejì, àmì ẹgbẹ́. Fún ẹ̀kẹta, gbólóhùn àkọ́sórí. Bí ẹlòmíràn bá ní èyí tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yòówù tí a bá yàn, ó yẹ kí a rí i pé gbogbo ọmọ Yorùbá lè pè é, láti Ìbàdàn títí dé Kétu, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má baà dúró lẹ́yìn odò.